Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní òtútù láti ròyìn. Tèmi kò ní òtútù nínú. Láti Kétu tí wọ́n ti bí mi títí dé Abẹ́òkúta tí mo lọ́kọ sí, kò sí òkun, kò sí bàálù. Yorùbá ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti fa ìlà sáàárín wa kí wọ́n tó bí bàbá mi, ọjọ́ tí mo sì sọdá ìlà yẹn ni mo di àjèjì. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà. Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama mi wà nísàlẹ̀ àpótí, mo sì rò pé òun ni yóò máa ṣíwájú mi wọlé.

Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tí mo fi han ìyá ọkọ mi, ó fi ìka pa òǹtẹ̀ pupa orí rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó wá rọra bi mí bóyá ìwé oògùn ni. Mo ní ìwé tí mo kà ni. Ó ní, "Ó dáa, tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ tó máa jẹ́ ń bọ̀."

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Abẹ́òkúta kì í ṣe àpáta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí ibi tí ilé ti ń fara ti àpáta bí ọmọ tó ń fara ti ìyá rẹ̀ rí. Ìwé ara ògiri ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló kọ nǹkan síwájú, gbogbo ọkọ̀ ní gáréèjì Kúto ló kọ nǹkan sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì mọ ọ̀kan. Èmi tí mo máa ń ka lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò wa ní Kétu, mo wá di ẹni tí ń bi ọmọ ọdún méje pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Nígbà mìíràn ọmọ náà á purọ́ fún mi, á máa rẹ́rìn-ín lọ.

Bàbá ọmọ mi ń wa ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò lọ sókè Ọya. Ẹ ó rí i pé mi ò dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní í dárúkọ rẹ̀ títí ìwé yìí á fi tán. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé. Ó ní gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti bí nílé ọkọ mi ṣáájú ọjọ́ tí mo wọlé, ọkọ mi ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Bí mo bá la ẹnu pe wọ́n ní orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, òun ni mo bú, nítorí àwọn èèyàn á ní òun kò kọ́ mi. Kí n wo kálukú dáadáa, kí n fún un ní orúkọ tèmi.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin tó kàwé ti ń fi àṣà yẹn sílẹ̀ nígbà náà. Ìyàwó tísà tó wà lójúlé kejì sí wa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Túndé gbangba, ilẹ̀ kò sì là. Èmi ò lè ṣe é. Ohun tí mo gbé wá láti ilé kò pọ̀, mi ò fẹ́ ju èyí náà nù. Nítorí náà mo ní Eyínfúnjowó, mo ní Aguntáṣọọ́lò, mo sì ní ọmọ ọdún méjì kan tí kò tíì wọ ṣòkòtò rí, tí mò ń pè ní Ọ̀gá.

Olójúàánú ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo dé ló gba orúkọ yẹn. Òjò ń ṣú, àpótí wà lórí mi, àwọn obìnrin ilé pagbo wò mí, wọ́n ń kí mi kú àbọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rántí sọ ibi tí n ó sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Mi ò lè béèrè. Mo dúró. Ọkùnrin kan tó fajú ro dìde lórí àga níwájú ilé, ó wá bá mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àpótí náà kalẹ̀ lórí mi. Ó ní, "Ṣé ẹ ò rí i pé ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ń gbọ̀n ni?" Ó padà lọ jókòó.

Nígbà tí mo pè é ní Olójúàánú lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín pa àwọn obìnrin dé ilẹ̀. Ìyá Kúdí, ìyàwó rẹ̀ àgbà, ní kí n ṣì máa wò ó, n ó rí ojú náà láìpẹ́. Òótọ́ ló sọ. Òun ni olórí ilé, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ìtòkú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ju mẹ́rin lọ. Ọdún dé, ọdún kọjá, mi ò tún rí i kó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ti jáde lẹ́nu mi, mi ò kó o jẹ.

*

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mo bá nílé wọn, òun náà ni mo ṣe. Wọ́n fi mí sídìí aṣọ oníko. Wàá ká aṣọ, wàá fi iko dì í ní kókó kéékèèké, wàá fà á le títí yóò fi bù ọ́ ní ìka, kí aró má ráyè wọ ibi tí o dì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ìka mi wà lára aṣọ. Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń dápàárá, ẹnu Ẹ̀gbá ń yára, kí n tó lóye ọ̀kan wọ́n ti rẹ́rìn-ín sí ìkejì. Tí mo bá fèsì, ẹnì kan á sín ohùn mi jẹ. Wọn ò ní mí sínú. Bó ṣe rí náà nìyẹn: o jẹun yó, aṣọ wà lọ́rùn rẹ, ọkọ rẹ fẹ́ràn rẹ, o sì dá wà láàárín ogún èèyàn.

Kò sí tẹlifóònù tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Kásẹ́ẹ̀tì ni tẹlifóònù wa. Mo máa ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tán, bàbá ọmọ mi á fún awakọ̀ kan tó ń lọ sí apá bódà, á dọ́wọ́ ẹlòmíràn, á dé Kétu. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ìyá mi á fi ti ẹ̀ ránṣẹ́. Ó máa ń pariwo bí ẹni pé adití ni ẹ̀rọ náà. Á kí mi, á kí àna, á kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pé ó kú iṣẹ́. Àkùkọ wa á kọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí n má purọ́, nítorí àkùkọ yẹn ni mo ṣe máa ń yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn gbọ́. Mo mọ ibi tó ti ń kọ, lórí odi tó ti ya lẹ́bàá kànga.

Ìgbà tí ìjọba sójà ti bódà, kásẹ́ẹ̀tì kò wá mọ́. Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ mi, mo sì lò ó títí ohùn ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bí n bá fẹ́ ní ilé, àfi kí n ní in níbi tí mo wà.

Ìgbà yẹn kan náà sì ni Mùídì, àkọ́bí mi, ń parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

*

Láti ẹ̀yìnkùlé wa, a máa ń rí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ àdáni kan lórí òkè, ti ọkùnrin nìkan. Àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń wọ aṣọ funfun tí kì í ní àbàwọ́n. Mi ò mọ bí àwọn ìyá wọn ṣe ń fọ̀ ọ́. Kíláàsì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ṣe ìdánwò, wọn á pe díẹ̀ wá fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọn á tún dá púpọ̀ padà nínú àwọn wọ̀nyẹn.

N ó sọ òtítọ́ ìdí tí mo fi fẹ́ ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà nísàlẹ̀ wa, àwọn ọmọ ń jókòó sórí fèrèsé nígbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ìyàwó tísà ló sọ fún mi pé wọ́n ń kọ́ Faransé lórí òkè. Láti ọjọ́ tí mo gbọ́, oorun mi dín kù. Mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé kíkà Mùídì, láti kíláàsì kìíní títí dé kẹfà, èmi àti òun jọ ń gòkè ni. Mo fẹ́ kí ó wọ inú ìwé tèmi náà lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nílé yẹn mọ̀ pé mo mọ nǹkan kí n tó dé.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Olójúàánú lọ, torí ohunkóhun kì í ṣẹlẹ̀ nílé wa kó má gbọ́. Ó ń ka aṣọ. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Kí ló ń wá lórí òkè?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó tún aṣọ kan ká, ó ní ọmọ tó bá gun òkè yẹn kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó tán. Ìyá Kúdí bá mi dé ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ojú àánú rèé o, ìyàwó. Ṣé o ti rí i?" Àmọ́ òun náà ló sọ fún mi pé kíláàsì kẹta ni wọ́n ti fa ọkọ òun jáde nílé-ẹ̀kọ́ láti wá ru aṣọ, àti pé ó sunkún títí ibà fi mú un.

Bàbá ọmọ mi ní kí n gba fọ́ọ̀mù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í bínú sí ohun tó ti yọrí sí rere, kí n má sọ fún un títí ọmọ á fi yege. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ọkùnrin kan tó ń gbé ìlú, tí yóò dúró fún ọmọ, tí wọn yóò máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Ẹni tó wà lójú títì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú mẹ́rin kò lè jẹ́ ẹni náà. Ó ní kí n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun. Ó gun ọkọ̀, ó gba Ìtorí lọ sí Ewékorò, ó lọ di ẹrù.

Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù náà. Àwọn àgbà ilé ń pe ọkùnrin yìí ní Àjàní, àwọn ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Kúdí, àwọn oníbàárà ń pè é ní Alhájì. Oríkì ni ti àkọ́kọ́, ọmọ ló ni ìkejì, Mẹ́kà ló ni ìkẹta. Ọdún méjìlá, mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, torí n kì í tẹ́tí sí i. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, ọkàn mi á ti yà kúrò níbẹ̀. Ta ni n ó bi, nígbà tí mò ń fi í pamọ́ fún ilé? Àwọn ọmọ mi ń pè é ní Bàbá Olójúàánú, àwọn ìyàwó kékeré tó wọlé lẹ́yìn mi ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé kò sí ẹni tí kò fi orúkọ yẹn mọ̀ ọ́n.

Mo fi bírò dúdú kọ ọ́, pẹ̀lú ìkọ̀wé dáradára tí wọ́n kọ́ wa ní Kétu: Alhájì Olójúàánú.

*

Mùídì ṣe ìdánwò ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó jáde, ó ní ìṣirò rọrùn, ó ní ọmọ kan sùn lórí tábìlì. Mo ní kì í ṣe ẹni tó ń sùn ni mo bí.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé àdúgbò. Ó dé ilé tísà. Ó dé ilé oníṣòwò irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Mùídì kò béèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ. Ìyẹn ló gún mi lọ́kàn. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ kí èèyàn, mo gun òkè.

Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ wo ìwé kan, ó wò mí, ó lọ mú lẹ́tà kan wá. Orúkọ tí mo kọ wà lórí rẹ̀. Ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé a kò mọ ẹni yìí. Ọmọ mi ti yege. Wọ́n ti pè é. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn yòókù lẹ́nu wò lánàá.

Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ pírínsípà, bàbá àgbàlagbà kan tó so okùn mọ́ awò ojú. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi, mo kúnlẹ̀, ó fi Yorùbá ní kí n dìde.

"Ìyáàfin, ta ni Alhájì Olójúàánú?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ mi ni, sà."

"Ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn?"

"Orúkọ tí mò ń pè é ni, sà."

"Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti lò nílé náà. Mo ní méjìlá. Akọ̀wé yí ojú sí fèrèsé kí n má rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo ti gbé gbogbo ẹ̀gàn ohùn, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìka, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ara mi bí àlejò bíi ti ọjọ́ yẹn: obìnrin tí kò mọ orúkọ ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Pírínsípà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun náà kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nílé bàbá òun títí ó fi kú, ohun tí mò ń sọ yé òun. Àmọ́ àwọn òbí ti ń kọ orúkọ ẹni tí kò sí láyé sínú fọ́ọ̀mù, òun kò sì lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Kí n mú ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wá lọ́la kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè ọmọ mi á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

*

Mo bá a níwájú ilé lórí àga rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: fọ́ọ̀mù, ìdánwò, bí a ṣe fi í pamọ́ fún un, lẹ́tà. Ìyá Kúdí dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá ní, "Mo wà lórí àga yìí nígbà tí ọkùnrin lẹ́tà dé. Ó dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó ní ta ni Alhájì Olójúàánú. Orúkọ náà dún sí mi létí. Àmọ́ mo wo aṣọ ìjọba lọ́rùn rẹ̀. Láyé sójà yìí, ìwé tí èèyàn ò retí kì í ṣe ìwé ire. Mo ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."



"Orúkọ inú ilé ni," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ó lè wọ bàtà jáde."

Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ohun tí mi ò retí. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi sọ òun bẹ́ẹ̀. Ó ní láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, òun rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀sín ni, bí àwọn obìnrin yòókù. Mo sọ fún un nípa òjò tó ń ṣú, àpótí, àti ọrùn mi tó ń gbọ̀n. Mo sọ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ó mi orí. "Mi ò rántí," ó ní.

Ó dìde, ó mú kẹ́tùlù, ó lọ ṣe àlùwàlá. Kò sọ bóyá òun á lọ, kò sọ bóyá òun ò ní lọ.

Ní òwúrọ̀, mo fi ọ̀rá pa Mùídì lára, mo wọ aṣọ mímọ́ fún un, mo jókòó tì í lórí àkéte bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò dájú. Mo gbọ́ ìró bàtà. Olójúàánú dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá tó fi ń kírun ọdún, fìlà Mẹ́kà wà lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ náà dà?"

*

Ní ọ́fíìsì, ó jókòó sí etí àga bí ẹni pé wọ́n fẹ́ nà án. Ojú rẹ̀ ń lọ sára àwọn ìwé tó wà lára ògiri, ó ń wọ̀n wọ́n láti ọ̀pá sí ọ̀pá bí aṣọ. Pírínsípà bi í ní orúkọ. Ó wò mí. Mo sáré jáde síta, kí orúkọ náà má bá mi níbẹ̀. Láti ẹnu fèrèsé, mo rí i tó tẹ̀ síwájú, tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ létí pírínsípà. Bàbá náà mú fọ́ọ̀mù, ó mú bírò, ó fẹ́ fa ìlà sórí èyí tí mo kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," Olójúàánú ní. Ohùn rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ọ níta. "Èyí tó wà níbẹ̀ náà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ìyàwó wa ló sọ mí."

Pírínsípà gbé bírò kalẹ̀.

Wọ́n fọ̀rọ̀ wá Mùídì lẹ́nu wò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ló mú un wá. Ó ní Bàbá Olójúàánú ni, àmọ́ kò fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní pírínsípà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú, tí Olójúàánú sì ń wúkọ́.

Mùídì ti wà ní kíláàsì kẹta lórí òkè báyìí. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ti kọ́ ẹni kan níbẹ̀ láti kọ orúkọ ara rẹ̀, mi ò ní í sọ ẹni náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé iṣẹ́ Faransé wálé, mo kà á fún un sókè lẹ́yìnkùlé, gbogbo obìnrin ìdí iko dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ mú ìwé mi wá nínú àpótí, kí wọ́n rí i. Ó ní ṣé òun ò sọ pé á jẹ́. Bódà ti ṣí, kásẹ́ẹ̀tì ti padà. Ìyá mi ní àkùkọ àtijọ́ ti kú, òmíràn ló ń kọ. Mo gbọ́ ọ. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò yí kásẹ́ẹ̀tì padà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo máa ń rántí ni ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé dé. Mò ń di iko lọ́wọ́ níwájú ilé. Ọkùnrin lẹ́tà kan náà ni, lórí kẹ̀kẹ́ kan náà, pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó yọ lẹ́tà, ó fẹjú mọ́ ọn, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó rántí pé wọ́n ti lé òun níbí rí.

Ó ní, "Alhájì..."

Olójúàánú ti dìde lórí àga.

"Èmi ni," ó ní. "Mú un wá."